Elégbè tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn yín kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá sí abala orin, níbi tó ti bi àwọn onígìtá léèrè pé tí wọ́n bá ní kí wọ́n mú pẹ́dà kan ṣoṣo, èwo ni wọn ò lè fi sílẹ̀. Ó ní overdrive ni ọ̀pọ̀ nínú wọn pè, ó sì pa ìwé dé síbẹ̀ bíi pé ẹjọ́ ti parí. Èmi ò bá wọn jà o. Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí tí mo ti ń ta gìtá lẹ́yìn akọrin, ìdáhùn yẹn ò sì wọ̀ mí létí. Delay lèmi máa gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n rojọ́ rẹ̀.

Fún ẹni tí kò fọwọ́ kan gìtá rí: pẹ́dà ni àpótí irin kékeré tí onígìtá ń gbé sílẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Wáyà láti ara gìtá á wọlé lápá ọ̀tún, òmíràn á jáde lápá òsì lọ sínú áńpù. Téèyàn bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn á yí padà. Overdrive á mú kí ohùn gìtá ha bí ọ̀fun ẹni tó pariwo mọ́jú. Wah á mú kó máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó ń yanu tó tún ń pa á dé. Delay á gba ohun tí a ta, á dá a dúró fún ìṣẹ́jú bíńtín, á tún un sọ fún wa, gẹ́gẹ́ bí òkè ṣe ń dá ẹni tó ké sí i lóhùn.

Ìbéèrè akọ̀ròyìn yín gan-an ni mo rí i pé kò dúró déédéé. Ẹ bi onígìtá pé pẹ́dà wo ni kò lè ṣe aláìní, èyí tó ń dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀ nínú yàrá ló máa pè. Ohun tó yẹ kí ẹ bi í ni pé: tí wọ́n bá yọ èwo kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni ìka ọwọ́ rẹ̀ ò ní mọ ohun tó máa ṣe mọ́? Mo dán èyí wò lára ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn pẹ́dà mi sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tí mo yọ chorus, tó ń mú kí gìtá kan dún bíi méjì, ọjọ́ kẹta ni mo tó rántí pé kò sí níbẹ̀. Reverb, tó ń mú kí ohùn dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá ni, ògiri ilé tí a ti ń kọrin ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Compressor, tó ń mú kí ohùn líle àti ohùn jẹ́jẹ́ súnmọ́ ara wọn, mo kàn ń ta okùn pẹ̀lú ìṣọ́ra díẹ̀ sí i ni. Wah wà ńlẹ̀ fún oṣù méjì láìsí ẹni tó béèrè rẹ̀, èmi náà ò béèrè.

Overdrive ńkọ́? Mo yí áńpù sókè, mo sì fi nọ́ọ̀bù ara gìtá dín in kù nígbà tí mo bá fẹ́ kí ohùn mọ́. Ó tán. Ẹ má gbàgbé ibi tí irú pẹ́dà yẹn ti ṣẹ̀ wá. Ní nǹkan bí ọdún 1961, ẹ̀rọ kan bàjẹ́ nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Nashville nígbà tí Grady Martin ń ta gìtá béèsì lọ́wọ́, ohùn wá jáde ní fífàya. Glenn Snoddy, ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò jù ú nù. Òun ló wá ọ̀nà tí wọ́n fi lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú ohùn bẹ́ẹ̀, èyí ló sì di Maestro Fuzz-Tone tó jáde ní 1962. Overdrive tiwa yìí, irú Tube Screamer tí Ibanez gbé jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970, rọ̀ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni wọ́n. Ohùn ẹ̀rọ tí wọ́n fún ní ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ ni wọ́n ń ṣe àfarawé rẹ̀. Tí áńpù gidi bá wà nílẹ̀, wọ́n lè fún òun náà lẹ́rù.

Delay nìkan ni mi ò fínnú-fíndọ̀ yọ. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ara rẹ̀.

Orin kan wà tí ẹgbẹ́ wa máa ń kọ tí a bá fẹ́ kí ara àwọn èèyàn rọlẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí béèsì àti ìlù tó wọlé. Ohùn mẹ́ta kíákíá ni, ọ̀kan lórí okùn kẹta, méjì lórí okùn kejì, lẹ́yìn náà màá ká ọwọ́ kò. Delay á gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á tún wọn sọ. Á tún wọn sọ lẹ́ẹ̀kejì ní ohùn tó rẹlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, bí ẹni pé láti ẹ̀yìn ilé ni. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀kẹta bá ń kú lọ ni mo tó ń ta mẹ́ta mìíràn. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, mo fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, iná pupa ojú rẹ̀ tàn fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyin iná tó ń di eérú, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ohùn àkọ́kọ́ jáde ní jíjá. Èkejì ò jáde rárá.

Mo sáré tún ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Tèmi wà lára irú èyí tó jẹ́ pé tí a bá pa á, ohùn gìtá á la inú rẹ̀ kọjá tààrà, yálà bátìrì wà níbẹ̀ tàbí kò sí, nítorí náà gìtá padà wá. Mo ta ohùn mẹ́ta mi. Mo ká ọwọ́ kò bí mo ṣe máa ń ṣe, mo dúró. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo ń gbọ́ bí ẹni tó wà níwájú ṣe ń wúkọ́. Onílù wa gbé igi ìlù sókè, ó ń wò mí, kò mọ̀ bóyá mo ti ṣe tán tàbí mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, mo bá ń fi ìka ara mi dí àyè tí delay fi sílẹ̀. Níbi tí mo ti ń ta mẹ́ta, mo ń ta mẹ́sàn-án. Mo ta gbogbo ohun tí mo mọ̀ kí ẹsẹ orin kìíní tó parí, aṣọ mi ti tutù lẹ́yìn. Nígbà tí a sinmi, ẹni tó ń lé orin fún wa súnmọ́ mi, ó rọra bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ń lé yín ni?”

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló là mí lójú. Òun tó ń lé orin, ó mọ̀ pé elégbè wà lẹ́yìn òun. Ó lè lé e kó dákẹ́, kó mí, kó wo ojú àwọn èèyàn, nítorí ẹnì kan máa gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kó elégbè kúrò, ẹ wò ó bóyá òun náà ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ dí ẹnu ara rẹ̀. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, mo rò pé ohùn gìtá mi ni delay ń tún ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdákẹ́ ló ń tún ṣe. Kò sí pẹ́dà mìíràn lẹ́sẹ̀ mi tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó pa á, nítorí ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ pẹ́dà tó ń lo bátìrì fólítì 9, swíìṣì tó ń tan bátìrì kò sí níbi tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Inú ihò tí wáyà gìtá ń wọ̀ ló wà. Níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ti wà níbẹ̀, bátìrì ń jẹ lọ nìyẹn, bí iná pupa ò tilẹ̀ tàn. Èmi sì ti fi wáyà sílẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́jú lẹ́yìn ìdánrawò. Mo mọ̀ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀ o. Mo ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn pé kò yẹ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe delay fún onígìtá kò ṣèèṣì bá a pàdé bíi ti fuzz. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Ray Butts ní Amẹ́ríkà ki ẹ̀rọ téèpù sínú áńpù tó pè ní EchoSonic. Orí kan ń kọ ohùn sórí téèpù, orí kejì tó wà níwájú díẹ̀ ń kà á jáde, ìrìn téèpù láti ọ̀dọ̀ ti àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ èkejì ló ń bí ìdúró yẹn. Chet Atkins àti Scotty Moore wà lára àwọn onígìtá tó lò ó. Echoplex, ẹ̀rọ téèpù mìíràn, dé ní 1959, Roland sì gbé Space Echo RE-201 jáde ní 1974. Mo ti ta gìtá sínú RE-201 lẹ́ẹ̀kan rí, ti ẹnì kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e. Ohùn tó ń padà ń gbọ̀n díẹ̀ bí ohùn àgbàlagbà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo gbàgbé orin tí a wá kọ. Ṣùgbọ́n téèpù ń gbó, orí rẹ̀ ń dọ̀tí, ẹrù náà sì tóbi. Kì í ṣe ohun téèyàn ń sọ sínú àpò gìtá.

Ohun tó mú delay kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi di ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ni èrò kan tí Sangster àti Teer mú wá ní ilé ìwádìí Philips ní 1969. Ẹ fojú inú wo àwọn èèyàn tó tò láti etí odò dé ibi tí ilé ti ń jó, tí wọ́n ń gba garawa omi lọ́wọ́ ara wọn. Kò sẹ́ni tó kúrò lójú kan, omi ló ń rìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni chip náà ṣe ń gba ohùn gìtá, láti garawa dé garawa, wọ́n sì fi orúkọ àwọn agbomi yẹn pè é, ìyẹn bucket brigade. Irú chip bẹ́ẹ̀ kan, MN3005, tó wà nínú ọ̀pọ̀ delay àtijọ́, ní garawa 4,096. Bí wọ́n bá ń gbà á fún ara wọn kíákíá, ohùn á tètè dé; tí wọ́n bá rọra ń ṣe é, ó di ẹ̀yìn. Omi díẹ̀ a máa dànù lójú ọ̀nà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi asẹ́ sẹ́ ariwo aago tó ń darí àwọn garawa náà kúrò, asẹ́ yẹn sì ń sẹ́ lára ohùn gìtá pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí ohùn tó ń padà fi máa ń ṣókùnkùn ju èyí tó lọ.

Àwọn kan ka ìyẹn sí àbùkù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Boss gbé DD-2, delay onídíjítà tí kò lo garawa, jáde ní 1983, ohùn tó ń padà nínú rẹ̀ mọ́ ju ti garawa lọ, ó sì lè dá ohùn dúró dé 800 mílísẹ́kọ́ǹdù, nígbà tí DM-2 onígarawa tí wọ́n ṣe ní 1981 kò kọjá 300. Mo ra onídíjítà kan lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, mo lò ó fún nǹkan bí ọdún kan, mo sì tà á. Ó mọ́ jù fún mi. Gbogbo ohun tí mo ta ló ń padà wá dúró síwájú akọrin pẹ̀lú àyà gbogbo. Elégbè kì í gbohùn sókè ju ẹni tó ń lé orin lọ. Onígarawa mọ ipò rẹ̀: bó bá ṣe ń tún ọ̀rọ̀ sọ ló ń fà sẹ́yìn, títí akọrin á fi rí àyè rẹ̀. Ẹni tó ń dá ta gìtá láìsí akọrin lè yan onídíjítà, mi ò ní bá a jiyàn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ń béèrè iye tí wọ́n máa yí nọ́ọ̀bù dé. Ti àkókò ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà delay tó wà ní 100 mílísẹ́kọ́ǹdù dà bí ògiri tó jìnnà tó mítà 17, nítorí pé ohùn á lọ, á sì bọ̀. Tó bá jẹ́ 600, ògiri ọ̀hún ti lé ní mítà 100. Kí delay tó lè bá orin rìn, ẹ ka iye ìgbà tí ìlù ń lù ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi pín 60,000. Orin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, 100 ló ń lù, èsì rẹ̀ jẹ́ 600, ibẹ̀ náà sì ni nọ́ọ̀bù tèmi parí sí. Tí ìlù bá jẹ́ 120, ó di 500. Àmọ́ ẹ mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn 375, ẹ máa ta ohùn kéékèèké tó dọ́gba, ẹ ó sì rí i pé ohùn tó ń padà ń bọ́ sí àárín àwọn tí ẹ ń ta, bí ọwọ́ méjì tó ń pàtẹ́wọ́ gba ara wọn lẹ́nu. The Edge, onígìtá ẹgbẹ́ U2, ti fi irú ẹ̀ jẹun pẹ́.

Ibi tí èyí ti ń di wàhálà ni pé onílù wa máa ń sáré. Tí orin bá ti 100 bọ́ sí 105, 600 mi ti pẹ́ jù nìyẹn, gbogbo ẹni tó létí á sì gbọ́ pé nǹkan méjì ń rìn. Tẹ́lẹ̀, bíbínú ló máa ń bínú sí mi. Ó ní pẹ́dà mi ń fẹjọ́ òun sùn. Ní báyìí, ó ti ní kí wọ́n máa fi gìtá mi sínú súpíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Kò tíì gbà pé òun ń sáré o.

Nọ́ọ̀bù kejì, tó ń sọ iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa padà, léwu. Ẹ̀ẹ̀mẹta tó fún mi. Tí a bá yí i dé òpin, pẹ́dà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ara rẹ̀, á máa jẹ ẹ́, á máa pọ̀ ọ́, títí á fi di igbe tí kò dúró. Bàtà mi gbá a lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láàárín orin jẹ́jẹ́. Gìtá mi kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, mo ti gbé ọwọ́ kúrò lára okùn, igbe ṣì ń ga sí i bí ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ gbéra. Mo tẹ pẹ́dà pa. Láti ọjọ́ náà, sẹ́lótéèpù ló wà lórí nọ́ọ̀bù yẹn, tí mo bá sì fẹ́ yí i, èékánná ni mo fi ń ṣí i. Nọ́ọ̀bù kẹta, tó ń sọ bí ohùn tó ń padà ṣe máa ròkè tó, mo máa ń yí i wálẹ̀ títí mi ò fi ní gbọ́ ọ nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ń ta, kí n tó wá yí i sókè díẹ̀. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi á pọ̀ ju ọkà lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn onígìtá tí akọ̀ròyìn yín bá sọ̀rọ̀ máa sọ. Wọ́n á ní áńpù kékeré tí kò ní gílóòbù inú (èyí tí wọ́n ń pè ní valve) kì í ha dáadáa téèyàn bá yí i sókè. Òótọ́ ni, híha rẹ̀ burú. Wọ́n á tún ní ẹni tó ń ta rọ́ọ̀kì líle, tó ń fa ohùn kan gùn títí tí ìka rẹ̀ ń gbọ̀n lórí rẹ̀, kò lè ṣe é láìsí overdrive. Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ohùn á kú lábẹ́ ìka rẹ̀ kó tó gbọ̀n, ìka á dààmú. Nípa ti ẹni bẹ́ẹ̀, overdrive yege. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó pè é ló ń ta irú orin yẹn? Ẹni tó wá pe tuner, tó ń sọ bóyá okùn gìtá wà ní ohùn tó yẹ, èmi ò kà á mọ́ pẹ́dà. Títún okùn ṣe kó tó jáde síta dà bí fífọ ojú. A kì í bi èèyàn pé ṣé ó lè ṣe aláìfọjú.

Ọmọ kan tí mò ń kọ́ gbé pátákó wá lóṣù tó kọjá, pẹ́dà mẹ́sàn-án ló tò sórí rẹ̀ bí eyín. Ó ní, “Bọ̀dá, èwo ló kù tí mo máa rà?” Mo ní kó yọ gbogbo rẹ̀, kó ki wáyà gìtá bọ inú áńpù tààrà, kó ta orin tó fẹ́ràn jù fún mi. Ó ta á dé ìlàjì, ó dúró, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ibi tí kò sí nǹkan kan. Phaser, pẹ́dà tó ń mú kí ohùn máa yí bí ìjì, ló ń wá! Ẹnu yà mí, torí èmi ò rí nǹkan kan fi phaser ṣe láyé mi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu rẹ̀, mo sì gbà.

Nítorí náà, ẹ bá mi bẹ akọ̀ròyìn yín kó padà lọ bá àwọn onígìtá wọ̀nyẹn. Kó má bi wọ́n ní nǹkan kan. Kó ní kí wọ́n ta orin kan láìsí pẹ́dà, kó sì máa wo ẹsẹ̀ wọn. Tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi, bátìrì tuntun méjì wà nínú àpò gìtá mi báyìí, bébà kan sì wà tí mo lẹ̀ mọ́ ẹnu àpò náà, tí mo kọ gàdàgbà gàdàgbà sí i lára pé: YỌ WÁYÀ.

Èmi ni tiyín,
Onígìtá ẹ̀yìn